Bí Àgbà Bá Ṣubú, A Wo Ẹ̀yìn: Èrò Lórí Ètò Ìfúnpọ̀ Dísíìkì Tí Ó Kọ Iṣẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé tí ó ṣubú ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde. Àgbà tí ó ṣubú ń wá ohun tí ó gbé e ṣubú. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mu ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Nígbà tí iṣẹ́ kan bá kọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ìwà ọmọdé ni kí a tún bọ́tìnnì kan náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, kí a sì máa wo iwájú bóyá yóò gbà. Ìwà àgbà ni kí a dúró, kí a wo ẹ̀yìn, kí a sì béèrè ohun tí ó fa kíkọ̀ náà.

Kí òǹkàwé fi ojú inú wo kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ní igun ọ́fíìsì ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá. Windows 95 ni ó wà lórí rẹ̀. Inú rẹ̀ ni àdàkọ oríkì orílẹ̀, ìjálá àti ẹkún ìyàwó wà, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, tí wọ́n sì tẹ̀ síbẹ̀ ní ogún ọdún ó lé sẹ́yìn. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà náà ti papò dà. Olùkọ́ kan fẹ́ ṣí àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, kí ó sì fi tuntun kún wọn, ṣùgbọ́n dísíìkì ti kún. Ẹnìkan sọ fún un pé ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tí ó lè fún dísíìkì pọ̀ kí ààyè rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Ó pe ètò náà. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó dúró láàárín ọ̀nà, ó sì kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sójú kọ̀ǹpútà pé òun kò lè tẹ̀ síwájú. Olùkọ́ náà tún un ṣe. Ó tún kọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n gbà pé ó mọ kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tàn, kí wọ́n sì máa bá a lọ títí yóò fi gbà.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé kíkọ̀ tí ètò náà kọ̀, ìkìlọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀tá. Ẹni tí ó bá fi ipá mú ẹ̀rọ tí ó ń kìlọ̀ fún un lè pàdánù ohun tí kò ní sí ẹni tí yóò lè pè é padà fún un. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ nígbà tí ètò ìfúnpọ̀ bá kọ̀ ni kí a da iṣẹ́ inú dísíìkì kọ sí ibòmíràn, kì í ṣe kí a tún ètò náà pè. Ó sì yẹ kí olùkọ́ fi ìlànà yìí kọ́ àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun Tí Ìfúnpọ̀ Dísíìkì Jẹ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, dísíìkì kọ̀ǹpútà wọ́n, kò sì tóbi. Dísíìkì tí ó gba mẹ́gábáìtì 40 tàbí 80 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Fọ́tò kan ṣoṣo tí fóònù òde-òní bá yà lè gba mẹ́gábáìtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èyí fi hàn pé fọ́tò mẹ́wàá sí mẹ́tàlá péré ni yóò kún odidi dísíìkì 40 bámúbámú. Nínú ipò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sọ pé òun lè sọ 40 di 80 láìra dísíìkì mìíràn, ọjà rẹ̀ yóò tà.

Ní ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ Stac Electronics ní Amẹ́ríkà gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ jáde, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Stacker. Ní oṣù kẹta ọdún 1993, ilé-iṣẹ́ Microsoft fi ètò tirẹ̀, tí ó ń jẹ́ DoubleSpace, sínú MS-DOS 6.0. Stac gbé Microsoft lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1994, ìdájọ́ wáyé ní Los Angeles pé kí Microsoft san 120 mílíọ̀nù dọ́là fún Stac nítorí pé ó lo ohun tí Stac ní ẹ̀tọ́ sí. Wọ́n sì ní kí Stac náà san 13.6 mílíọ̀nù dọ́là fún Microsoft lórí ẹ̀sùn tirẹ̀. Àwọn méjèèjì parí ìjà ní oṣù kẹfà ọdún náà. Ẹjọ́ yìí ni ó mú kí DoubleSpace kúrò nínú MS-DOS, tí DriveSpace sì gba ipò rẹ̀ nínú MS-DOS 6.22. DriveSpace yìí náà ni ó bá Windows 95 àti Windows 98 wá. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, Stacker, DoubleSpace àti DriveSpace, ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí yóò ti hàn láìpẹ́.

Báwo ni a ṣe ń fún fáìlì pọ̀? Olùkọ́ Yorùbá ní ohun tí yóò fi yé e ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, nítorí pé àwítúnwí ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ṣe àdàkọ orin tí ó ní lílé àti ègbè, kì í kọ ègbè náà tán lẹ́yìn lílé kọ̀ọ̀kan. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan; ní gbogbo ibi tí ó bá tún ti jẹ yọ, ọ̀rọ̀ kan péré, "Ègbè", ni ó ń kọ. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà mọ̀ pé kí òun padà sókè lọ wo ohun tí ègbè jẹ́. Orin kò dín kù, ṣùgbọ́n ìwé tí a fi kọ ọ́ dín kù. Irú ọgbọ́n yìí ni Abraham Lempel àti Jacob Ziv gbé jáde ní ọdún 1977: níbi tí ohun tí a ti kọ rí bá ti tún jẹ yọ, kí a tọ́ka sí ibi tí ó ti kọ́kọ́ wà, kí a má tún un kọ. Ọgbọ́n wọn ni ọ̀pọ̀ ètò ìfúnpọ̀ dúró lé.

Ohun méjì ni ó yẹ kí ó hàn láti inú àlàyé yìí. Èkíní ni pé ìfúnpọ̀ kì í dá ààyè tuntun sílẹ̀. Ó kàn ń lo èyí tí ó wà dáadáa ni. Orin tí kò ní ègbè kò ṣe é dín kù. Bákan náà ni fọ́tò JPEG tàbí fáìlì ZIP, tí wọ́n ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní kéré sí i mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ètò bá kọ ọ́ sójú pé mẹ́gábáìtì báyìí ni ó kù, ìṣirò àbá ni. Ó gbà pé ohun tí a ó fi síbẹ̀ yóò dín kù dé ìdajì, bẹ́ẹ̀ ó lè má rí bẹ́ẹ̀.

Èkejì ṣe pàtàkì jù. Lẹ́yìn ìfúnpọ̀, gbogbo fáìlì inú dísíìkì ti wọ inú fáìlì ńlá kan ṣoṣo tí ó fara pamọ́. Bí ó bá jẹ́ DoubleSpace ni, orúkọ rẹ̀ ni DBLSPACE.000, bí ó bá jẹ́ DriveSpace ni, DRVSPACE.000, bí ó bá jẹ́ Stacker ni, STACVOL.DSK. Ètò ìfúnpọ̀ ni ó ń ṣí fáìlì ńlá yìí nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, tí ó sì ń fi han ẹni tí ó ń lò ó bí ẹni pé dísíìkì C gidi ni. Bí ètò náà kò bá sí níbẹ̀, fáìlì kan gbàǹgbà ni ojú yóò rí, gbogbo iṣẹ́ yòókù yóò sì dà bí ohun tí kò sí. Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìdí Tí Ètò Náà Fi Ń Kọ̀

Ohun tí ó ń jẹ́ kí ètò ìfúnpọ̀ kọ̀ láti wọ kọ̀ǹpútà kò pọ̀ jù, ó sì ṣe é tò lẹ́sẹẹsẹ.

Ìdí kìíní ni pé dísíìkì ti kún jù. Èyí yani lẹ́nu, nítorí pé nítorí kíkún náà ni a ṣe pe ètò náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ tún ẹrù inú yàrá tò gbọ́dọ̀ rí ibi gbé díẹ̀ sí ná. DoubleSpace ń fẹ́ ju mẹ́gábáìtì kan lọ ní òfìfo lórí dísíìkì tí kọ̀ǹpútà fi ń tàn kí ó tó lè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró títí dísíìkì fi kún bámúbámú ti pẹ́ jù.

Ìdí kejì ni àṣìṣe nínú àkọsílẹ̀ tí dísíìkì fi ń mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. Nígbà mìíràn, àkọsílẹ̀ yóò sọ pé ààyè kan ti ní olówó, ṣùgbọ́n kò sí fáìlì kan tí ó ni ín. Nígbà mìíràn, fáìlì méjì yóò máa du ààyè kan náà, bí ilẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ tà fún ènìyàn méjì. Pípa kọ̀ǹpútà lójijì nígbà tí iná mànàmáná bá lọ wà lára ohun tí ó ń fa irú àṣìṣe yìí. Ètò ìfúnpọ̀ kò ní fẹ́ dá sí ilẹ̀ tí ìjà wà lórí rẹ̀. Ó sàn fún un kí ó dúró.

Ìdí kẹta ni pé ojú dísíìkì fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́ níbì kan. Dísíìkì a máa gbó bí ohun gbogbo ti ń gbó. Bí kọ̀ǹpútà bá ń pẹ́ kí ó tó ka fáìlì kan, tí dísíìkì sì ń dún kàkà-kàkà, ó ṣeé ṣe kí ìdí yìí ni ó wà ńlẹ̀. Nínú gbogbo ìdí tí a kà sílẹ̀, èyí ni ó léwu jù.

Ìdí kẹrin ni pé ètò mìíràn ń lo dísíìkì lọ́wọ́, tàbí pé fáìlì kan wà tí kò ṣe é ṣí nípò. Fún àpẹẹrẹ, Windows 3.1 a máa gé apá kan dísíìkì sọ́tọ̀ tí ó ń lò bí ìrántí àfikún, apá náà kò sì gbọ́dọ̀ wà lórí dísíìkì tí a fún pọ̀. Ètò tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà nítorí kòkòrò àrùn náà lè dí ìfúnpọ̀ lọ́wọ́.

Ìdí karùn-ún ni pé irú dísíìkì náà kò bá ètò náà mu. DoubleSpace kò lè ṣe dísíìkì ìfúnpọ̀ tí ó ju mẹ́gábáìtì 512 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni DriveSpace kò lè ṣiṣẹ́ rárá lórí dísíìkì tí a tò ní ìlànà FAT32, ìlànà tí ó jáde ní ọdún 1996 pẹ̀lú ẹ̀dà kejì Windows 95, tí ó sì gbilẹ̀ pẹ̀lú Windows 98. Lórí irú dísíìkì bẹ́ẹ̀, bí ènìyàn bá tún ètò náà pè nígbà ọgọ́rùn-ún, ìgbà ọgọ́rùn-ún ni yóò kọ̀.

Ìdí kẹfà máa ń hàn lẹ́yìn tí ìfúnpọ̀ bá ti parí. Ètò ìfúnpọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà ní gbogbo ìgbà. Lábẹ́ MS-DOS, DoubleSpace ń gba nǹkan bí kílóbáìtì 40 nínú 640 tí àwọn ètò ń pín lò. Nítorí náà, ètò ìtẹ̀wé tí ń ṣiṣẹ́ lánàá lè sọ lónìí pé ìrántí kò tó òun. Ẹni tí kò mọ̀dí yóò rò pé ètò ìtẹ̀wé ni ó bàjẹ́.

Bí a bá wo àwọn ìdí wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí títún-ètò-pè lè wò sàn. Dísíìkì tí ó kún kò ní dín kù, ojú dísíìkì tí ó bàjẹ́ kò ní san, ìlànà FAT32 kò sì ní yí padà nítorí pé ẹnìkan tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun Tí Ipá Ń Bàjẹ́

Àwọn kan yóò sọ pé bí ẹṣin bá dá ni, a tún un gùn ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ẹṣin yóò kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ti dá egbò. Ìtàn DoubleSpace fúnra rẹ̀ fi èyí hàn. Lẹ́yìn tí MS-DOS 6.0 jáde, àwọn tí wọ́n lò ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé iṣẹ́ àwọn sọnù. Ìwádìí fi hàn pé kì í ṣe ọgbọ́n ìfúnpọ̀ nìkan ni ó lẹ́bi. Nígbà mìíràn, ojú dísíìkì ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, ètò náà kò sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, ètò SmartDrive, tí ń mú kí dísíìkì yára, ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn ṣùgbọ́n kò tíì kọ ọ́ sórí dísíìkì. Ẹni náà rí i pé kọ̀ǹpútà ti dákẹ́, ó pa á, iṣẹ́ náà sì ṣègbé. Nígbà tí MS-DOS 6.2 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, Microsoft fi ScanDisk kún un láti máa yẹ ojú dísíìkì wò kí ìfúnpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún ọ̀nà tí SmartDrive ń gbà ṣiṣẹ́ ṣe.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò fara sin. Kíkọ̀ tí ètò ń kọ̀ lẹ́yìn náà kì í ṣe àbùkù, àtúnṣe ni. Àwọn tí wọ́n ṣe é ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ètò kò kọ̀. Ẹni tí ó bá wá ọ̀nà yí ìkìlọ̀ náà ká ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ padà sí ipò àwọn tí wọ́n ké ní ọdún 1993.

Ewu kan tún wà tí ó sún mọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ju èyí lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ bá sú ènìyàn, a máa ń gbé dísíìkì rẹ̀ lọ bá oníṣẹ́ ẹ̀rọ kí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun. Ìlànà tí ó dára ni, bí dísíìkì náà kò bá tíì di fífúnpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di fífúnpọ̀ rí, bóyá tí ẹni tí ó ṣe é ti fẹ̀yìn tì, kọ̀ǹpútà tuntun kò ní lè ṣí i. Windows 2000, Windows XP àti àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn kò lè ka dísíìkì DoubleSpace tàbí DriveSpace. Fáìlì kékeré díẹ̀ àti fáìlì ńlá kan tí ó ń jẹ́ DRVSPACE.000 ni oníṣẹ́ ẹ̀rọ yóò rí. Yóò sọ pé kò sí ohun gidi nínú rẹ̀. Yóò pa fáìlì náà rẹ́ tàbí kí ó nu dísíìkì náà mọ́ tónítóní. Kò purọ́, kò sì ní èrò ibi lọ́kàn. Àìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú kan, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ogún fi ọdún mẹ́wàá kó jọ ti lọ.

Ìgbésẹ̀ Tí Ó Yẹ Kí Olùkọ́ Gbé

Yorùbá ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ètò ìfúnpọ̀ bá kọ̀, kí olùkọ́ dúró, kí ó má tẹ ohunkóhun mọ́, kí ó mú bírò àti ìwé, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bí ó ti wà gan-an. Ọ̀rọ̀ náà ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á. Wọn a kàn tẹ bọ́tìnnì kí ó kúrò níwájú wọn, bí ẹni tí ó lé ẹni tí ó wá jíṣẹ́ fún un kúrò lẹ́nu ọ̀nà láìgbọ́ iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, kí ó wò bóyá dísíìkì náà ti di fífúnpọ̀ tẹ́lẹ̀. Lábẹ́ MS-DOS, àṣẹ DIR /AH yóò fi àwọn fáìlì tí ó fara pamọ́ hàn. Bí ó bá rí ọ̀kan nínú àwọn orúkọ mẹ́ta tí a ti dá lókè yìí, kí ó mọ̀ pé inú fáìlì náà ni gbogbo nǹkan wà. Kí ó kọ ọ́ sórí ìwé, kí ó sì lẹ ìwé náà mọ́ ara kọ̀ǹpútà kí ẹni tí yóò tẹ̀ lé e lè rí i.

Ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni dídà iṣẹ́ kọ sí ibòmíràn, èyí kò sì gbọ́dọ̀ dúró de àtúnṣe kankan. Kódà àṣẹ CHKDSK /F, tí ń tún àkọsílẹ̀ dísíìkì ṣe, a máa yí ohun tí ó wà lórí dísíìkì padà. Kò yẹ kí a lò ó kí ẹ̀dà tó wà níta. Bí fílọ́pì nìkan bá ni kọ̀ǹpútà náà ní, fílọ́pì kan gba mẹ́gábáìtì 1.44, nítorí náà nǹkan bí fílọ́pì 28 yóò gba odidi dísíìkì 40. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a nílò. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni kí a kọ́kọ́ dà kọ. Ètò tí a rà lè tún rí rà, ohùn arúgbó tí ó ti kú kò ṣe é rà. Bí dísíìkì náà kò bá tíì di fífúnpọ̀, a lè yọ ọ́ kí a sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun. Bí ó bá ti di fífúnpọ̀, orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tàbí òmíràn tí Windows 95 tàbí 98 wà lórí rẹ̀, ni kí a ti ṣí i.

Olùkọ́ Yorùbá ní ohun kan tí kò gbọ́dọ̀ gbàgbé níbi ìdàkọ yìí. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí a tẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 ni a fi fọ́ǹtì àkànṣe tẹ̀, nítorí pé ìlànà Unicode tí ń fún ẹ, ọ àti ṣ ní ipò tiwọn kò tíì tàn ká. Bí a bá da fáìlì kọ láìda fọ́ǹtì rẹ̀ kọ, àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ yóò di jákujàku nígbà tí a bá ṣí i níbòmíràn. Kí a da àwọn fáìlì fọ́ǹtì náà kọ pẹ̀lú iṣẹ́ náà.

Nígbà tí ẹ̀dà bá ti wà níta, tí a sì ti ṣí díẹ̀ nínú rẹ̀ wò láti rí i pé ó pé, nígbà náà ni kí ìwòsàn bẹ̀rẹ̀. Kí a pa àwọn ètò tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Lórí MS-DOS 6, bí a bá tẹ F8 nígbà tí kọ̀ǹpútà ń tàn, yóò máa béèrè lẹ́yọ-kọ̀ọ̀kan ohun tí a fẹ́ kí ó gbé sókè. Èyí ń jẹ́ kí a mọ ètò tí ń dènà. Kí ScanDisk yẹ dísíìkì wò, pẹ̀lú ojú rẹ̀. Bí ScanDisk bá rí ojú tí ó bàjẹ́, ọ̀rọ̀ ìfúnpọ̀ ti parí. Dísíìkì náà ti ń dágbére. Bí FAT32 ni dísíìkì, ọ̀rọ̀ ti parí náà.

Kí a tó tún ètò ìfúnpọ̀ pè, kí a ṣe ìṣirò kan. Ìwé àṣekágbá tí ó ní ojú-ewé 60, tí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí lẹ́tà 2000, kò ju nǹkan bí lẹ́tà 120,000 lọ. Bí kò bá ní àwòrán, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá fílọ́pì kan. Nítorí náà, ó ṣòro kí ó jẹ́ iṣẹ́ Yorùbá ni ó kún dísíìkì. Eré ìdárayá, ètò tí a kò lò mọ́, àti fáìlì ìgbà díẹ̀ tí Windows gbàgbé láti pa rẹ́ ni ó sábà máa ń gba ààyè. Ẹni tí ó bá yọ ìwọ̀nyí kúrò lè rí i pé òun kò nílò ìfúnpọ̀ rárá.

Àwọn Tí Èrò Wọn Yàtọ̀

Àwọn kan lè sọ pé kí ni a ń fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe, nígbà tí ohun kékeré tí a ń so mọ́ ọ̀pá kọ́kọ́rọ́ lónìí gba ju ọgọ́rùn-ún irú dísíìkì bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ́ ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ẹni tí ó bá fẹ́ da igbá nù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nítorí pé ààyè ti pọ̀ lóde òní gan-an ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni tún fún dísíìkì àtijọ́ pọ̀ mọ́, bí kò ṣe pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Kí a kó iṣẹ́ náà jáde ni ó tọ́.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé iṣẹ́ oníkọ̀ǹpútà ni èyí, kì í ṣe ti olùkọ́ èdè. Oníkọ̀ǹpútà mọ dísíìkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìjálá tí ẹnìkan ṣoṣo sun ní ìlú kan àti lẹ́tà tí ọ́fíìsì kọ láti béèrè àga. Olùkọ́ èdè ni ó mọ èyí tí kò gbọ́dọ̀ sọnù. Bí kò bá wà níbẹ̀ láti sọ ọ́, ojú kan náà ni a ó fi wo méjèèjì.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lónìí yóò bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pàdé níbi iṣẹ́ rẹ̀, bí kì í bá ṣe kọ̀ǹpútà Windows 95, yóò jẹ́ fóònù tí ó kún tàbí ètò tí ó kọ̀. Ìwà tí ó bá kọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ ni yóò hù síbẹ̀. Bí ó bá rí olùkọ́ tí ń tẹ bọ́tìnnì pẹ̀lú ìbínú, òun náà yóò máa tẹ bọ́tìnnì. Bí ó bá rí olùkọ́ tí ó dúró, tí ó ka ìkìlọ̀, tí ó da iṣẹ́ kọ kí ó tó fọwọ́ kan àtúnṣe, yóò mọ̀ pé bí a ti ń wá orísun àṣìṣe nínú gbólóhùn akẹ́kọ̀ọ́ kí a tó máàkì rẹ̀ ni a ti ń wá orísun àṣìṣe nínú ẹ̀rọ.

Ó yẹ kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yan ọjọ́ kan ní sáà ẹ̀kọ́ yìí, kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ tan kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ó wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n wo orúkọ fáìlì inú rẹ̀, kí wọ́n sì da iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ kọ nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣì lè tàn. Kí wọ́n má dúró dìgbà tí ó bá kọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà tí ohùn wọn wà níbẹ̀ kò sí mọ́ láti tún un wí.